Orógbó Inú Garawa

Láti ìbẹ̀rẹ̀ òjò ọdún yìí títí di àárọ̀ òní, ọkọ mi kò fi ìgbà kan kọ́kọ́ ya ẹnu bá mi sọ̀rọ̀. Ẹ má rò pé a jà o. Bí mo bá kí wọn láàárọ̀, wọ́n á dáhùn. Bí mo bá béèrè nǹkan lọ́wọ́ wọn, wọ́n á fèsì, èsì náà á sì tó ohun tí mo béèrè, kò ní lé kan. Bí mo bá gbé oúnjẹ síwájú wọn, wọ́n á jẹ ẹ́ tán, wọ́n á sì gbé abọ́ lọ fọ̀ fúnra wọn, ohun tí wọn kò ṣe rí láti ọjọ́ tí mo ti wọlé wọn gẹ́gẹ́ bí ìyàwó. Abọ́ tí wọ́n ń fọ̀ yẹn ló ń dùn mí jù. Ẹni tó ń fọ abọ́ tó fi jẹun nílé ara rẹ̀, ṣé kì í ṣe pé ó ti sọ ara rẹ̀ di àlejò? Ẹ̀yin tí ẹ máa ka ọ̀rọ̀ yìí, ẹ bá mi jókòó díẹ̀. N kò wá kí ẹ káàánú mi. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ohun tí mo ṣe, kí ẹ sì dá ẹjọ́ náà bí ẹ bá ṣe rí i, nítorí èmi tí mo máa ń bá àwọn ẹlòmíràn parí ọ̀rọ̀, tèmi ti tojú sú mi.

Àgbẹ̀ ni wá. Abúlé wa wà lókè lọ́hùn-ún, ní ìpẹ̀kun ilẹ̀ Kwara, níbi tí oko ti pààlà pẹ̀lú igbó ńlá. Inú igbó yẹn ni àwọn oníbọn ti jáde sí wa. N kò ní í sọ ohun tí ojú wa rí lọ́jọ́ náà. Ẹni tó bá ti rí irú rẹ̀ kò nílò ìtàn. Ẹni tí kò bá sì tíì rí i, kí Ọlọ́run má fi hàn án. Ilé wa jóná, àká wa jóná, a sì gba inú igbó sá pẹ̀lú aṣọ ọrùn wa. Orógbó díẹ̀ wà nínú àpò ẹ̀wù ọkọ mi. Ikọ́ máa ń yọ wọ́n lẹ́nu, orógbó ni wọ́n sì fi ń tọ́jú rẹ̀. Ìdí igi kan tí bàbá wọn gbìn sẹ́yìn ilé ni wọ́n ti máa ń ṣà á, ìdí igi yẹn náà la sì sin bàbá náà sí nígbà tí ó papò dà. Orógbó inú àpò yẹn la pín jẹ nínú igbó títí a fi yọ sójú títì. Ó korò, ṣùgbọ́n kíkorò rẹ̀ ló gbé wa dé ibi tí a dé.

Àbúrò ọkọ mi kan ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ní Thomas Estate, lẹ́bàá Ajah. Òun ló ní kí a máa bọ̀. Ó wá yàrá kan fún wa ní Addo, nínú ọgbà ìyá kan tó ń ta àgbo. A dúpẹ́, ṣùgbọ́n kí ni àgbẹ̀ tí kò ní ilẹ̀ fẹ́ fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe? Ọkọ mi á jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, wọ́n á máa wo kẹ̀kẹ́ Màrúwá tó ń kọjá, ilẹ̀ á sì ṣú láìjẹ́ pé wọ́n sọ ju gbólóhùn kan lọ. Èmi kò lè jókòó bẹ́ẹ̀. Ìjọ kan tó wà ní àdúgbò ṣí ilé-ẹ̀kọ́ àgbà lọ́fẹ̀ẹ́, mo sì lọ fi orúkọ sílẹ̀. Mo ti ní ọmọ-ọmọ kí n tó mọ bí a ṣe ń kọ orúkọ mi. Ohun tó wọ̀ mí lára jù níbẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ tí a bá ti kọ sílẹ̀ kì í yí padà nítorí ojú ẹnikẹ́ni. Mo fẹ́ràn ìyẹn. Bí èmi náà ṣe rí láti kékeré nìyẹn. Bí mo bá ti sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ náà ni.

Ilé-ẹ̀kọ́ yẹn ló fún wa ní ilẹ̀. Obìnrin tó ń jókòó tì mí níbẹ̀ jẹ́ ìyàwó bàbá kan tó jẹ́ ọmọ onílùú, alàgbà nínú ìjọ aláṣọ funfun, tó ní ilẹ̀ lẹ́bàá ọ̀sà ní ìsàlẹ̀ Addo lọ́hùn-ún. Mo ti sọ fún un pé àwa nìkan kọ́ ni ogun lé dé ibí. Àwọn ará abúlé wa kan wà káàkiri, àwọn Tiv tí wọ́n lé kúrò lóko wọn ní Benue náà sì ń gbé inú ilé kan tí wọn kò tíì kọ́ parí, àgbẹ̀ sì ni gbogbo wọn. Ó lọ sọ fún ọkọ rẹ̀. Bàbá ní kí a wá. Orí àdúrà ni wọ́n ti bọ̀ lọ́jọ́ náà, wọ́n wọ sùtánà, ẹsẹ̀ wọn lásán ni wọ́n fi ń tẹ yanrìn, wọ́n sì mú wa rìn yí ilẹ̀ náà ká.

Bàbá ní, "Ẹ gbin ohunkóhun tí ẹ lè jẹ tàbí tí ẹ lè tà. N kò ní í gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ogun lé wá. Ohun kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ yín: ẹ má gbin igi. Ṣé ẹ rí àgbọn mẹ́ta yẹn? Bàbá bàbá mi ló gbìn wọ́n. Nígbà tí àwọn kan fẹ́ gba ilẹ̀ yìí mọ́ wa lọ́wọ́, àgbọn yẹn ló jẹ́rìí wa. Àwa kò ní ìwé. Igi ni ìwé wa."

Kò sẹ́ni tí ọ̀rọ̀ náà ṣàjèjì sí nínú wa. Nílé tiwa náà, àlejò tó gba ilẹ̀ dáko kì í gbin igi sí i, nítorí ẹni tó gbin igi ti sọ pé òun kò lọ mọ́. Àwa àgbẹ̀ tí ogun lé wá ti da ẹgbẹ́ kan sílẹ̀, wọ́n sì ti fi mí ṣe Ìyá Ẹgbẹ́, nítorí náà èmi ni mo kúnlẹ̀, tí mo sì fi ẹnu ara mi ṣèlérí fún gbogbo wa.

Ilẹ̀ ibí kì í ṣe irú ilẹ̀ tí a mọ̀. Nílé, ebè la máa ń kọ. Níbí, bí o bá kọ ebè, òjò kan ṣoṣo á tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, nítorí yanrìn ni. A kọ́ bí a ṣe ń to èèpo àgbọn yí ẹsẹ̀ ẹ̀fọ́ ká kí omi má gbé e lọ, a sì ń ru ìgbẹ́ adìyẹ láti ilé ọlọ́sìn kan dà sí i títí yanrìn náà fi ń dúdú. Àáró la ń ṣe: lónìí, gbogbo wa á ro ìhà kan, lọ́la, a ó bọ́ sí ìkejì. Tí ó bá di ọjọ́ Sátidé, a ó kó ohun tí a kò tíì tà jọ, a ó pín in sí òkìtì òkìtì, ẹnìkan á kọ ẹ̀yìn sí i, á máa pe orúkọ, òkìtì tí orúkọ bá sì bọ́ sí, ti onítọ̀hún ni. Kò sí ojúsàájú. Àwọn ìyá inú ẹ́sítéètì ń wá ra ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ àti ilá wa, wọ́n ní ó tutù ju ti ọjà lọ. Obìnrin Tiv kan wà tí à ń pè ní Ìyá Dooshima, Yorùbá tó gbọ́ ní Ajah ló fi ń dá wa lẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀yin Yorùbá yìí, ẹ máa ń kí iṣẹ́ títí iṣẹ́ á fi sá lọ." Ohùn ọkọ mi náà bẹ̀rẹ̀ sí í padà bọ̀. Àwọn ló ń kọ́kọ́ dé oko, àwọn ló ń kẹ́yìn kúrò. Mo rò pé ọkọ́ tí wọ́n tún rí dì mú ló wò wọ́n sàn. N kò mọ̀ pé ohun mìíràn wà níbẹ̀.

Ó di ọjọ́ kan tí àáró kan ìhà ẹ̀gẹ́, ìhà tó jìnnà jù, tó súnmọ́ ọ̀sà. Ìyá Dooshima wà níwájú mi, ó ń roko bọ̀ wẹ́wẹ́. Lójijì ni mo gbọ́ ohùn ọkọ mi láti ẹ̀yìn: "Dúró! Má fọwọ́ kàn án!"

Gbogbo wa dúró. Láti ìgbà tí wọ́n ti lé wa, n kò gbọ́ kí wọ́n gbé ohùn sókè bẹ́ẹ̀ rí. Ìyá Dooshima gbé ọkọ́ rẹ̀ dúró lókè, ó ń wo ilẹ̀.

"Bàbá, kí ni mo fẹ́ pa? Ṣé ejò ni?"

Àwọn tó kù rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín, nítorí mo ti rí i. Láàárín ẹ̀gẹ́ méjì, igi kékeré kan dúró níbẹ̀, kò tíì ga ju orúnkún lọ, ewé rẹ̀ ń dán, wọ́n tò ní méjì méjì lápá ọ̀tún àti òsì. Ta ni yóò fi ewé orógbó hàn mí? Abẹ́ èyí tó wà nílé ni mo ti ń sá aṣọ àwọn ọmọ mi. Orí igi yẹn la ti ká orógbó tí a fi sọ gbogbo wọn lórúkọ, tí a ní kí wọ́n gbó, kí wọ́n tọ́. Ọkọ mi kò jẹ gbogbo èyí tó wà nínú àpò wọn tán. Wọ́n tọ́jú ẹyọ kan láti inú igbó wá sí Addo, wọ́n sì lọ rì í mọ́lẹ̀ níbi tí ewé ẹ̀gẹ́ á ti bò ó. Orógbó kì í tètè hù. Ẹ wo iye ìgbà tí wọ́n ti máa lọ bẹ̀ ẹ́ wò kí ó tó yọrí.

Nígbà tí à ń darí lọ sílé, mo bi wọ́n pé kí ni mo rí yẹn.

Wọ́n ní, "Orógbó ni. Ti ilé."

Mo ní, "Bàbá Àyọ̀ká, ẹ gbọ́ ohun tí Bàbá sọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ hú u."

Wọ́n gbé ọkọ́ wọn bọ́ sí èjìká kejì, wọ́n ní, "Ìyá Àyọ̀ká, gbogbo ohun tí mò ń gbìn níbí, kí a lè fà á tu la ṣe ń gbìn ín. Ẹ̀fọ́, fífàtu. Ẹ̀gẹ́, fífàtu. Àwa fúnra wa, fífàtu ni wá. Ẹyọ kan yìí ni mo gbìn kí ó lè dúró."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé ẹ rò pé òkúta ló wà láyà mi? Mo fi etí aṣọ nu ojú mi kí wọ́n má bàa rí i. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí wọ́n kò fẹ́ mọ̀. Bàbá onílẹ̀ ní ọmọ ẹ̀gbọ́n kan tó ń jẹ́ Ṣẹ́gun, tó ti ń mú àwọn tó ń kọ́ ẹ́sítéètì wá wo ilẹ̀ náà. Ọ̀rọ̀ ẹnu Bàbá nìkan ló dá a dúró. Bó bá ti pàdé mi lójú ọ̀nà oko, á ní, "Ìyá Ẹgbẹ́, ẹ̀fọ́ yín ga o. Ṣé kò tíì di igi?" Á wá rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ kò sì ní bá ẹnu rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó ń wá ohun tí á fi sọ fún ẹbí pé àlejò Bàbá ti fẹ́ di onílẹ̀. Àwọn àgbà ní igi gogoro má gún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ẹnu tó ń jẹ nínú oko yẹn pọ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, mo ti ṣèlérí. Ẹni tí a fún ní ilẹ̀ láìgba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀, kí ló ní tó fi lè dúpẹ́ ju pé kí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ dúró lọ?

Ṣẹ́gun ránṣẹ́ pé òun ń mú àwọn àgbà ẹbí bọ̀ wá rìn yí ilẹ̀ náà ká. Mo tún bẹ ọkọ mi. Orín tí wọ́n ń jẹ ni wọ́n ń jẹ lọ. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí Ṣẹ́gun dá, mo ṣáájú ọkọ mi dé oko. Mo gbẹ́ ilẹ̀ yí orógbó náà ká, mo jìnnà sí ìdí rẹ̀ kí n má bàa ṣe é léṣe, mo ń gbẹ́, mo ń gbẹ́, gbòǹgbò rẹ̀ kò tán. Igi tí kò ju orúnkún lọ yìí, ohun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ gùn ju ohun tó wà lókè lọ. Mo gbé e pẹ̀lú iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ sínú garawa ọ̀dà tí a fi ń pọn omi. Bí mo ṣe nà ró ni mo rí ọkọ mi. Wọn kò bú mi. Wọ́n wo ihò náà, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n sì fi ọwọ́ wọ́ iyẹ̀pẹ̀ padà sínú rẹ̀, wọ́n ń rọra tẹ̀ ẹ́, bí ìgbà tí wọ́n bo bàbá wọn. Wọ́n wá gbé garawa náà lé orí, wọ́n kọrí sí Addo.

Kò pẹ́ tí Ṣẹ́gun àti àwọn àgbà ẹbí fi dé. Wọ́n tú inú ẹ̀gẹ́ wò, wọ́n tẹ orí ihò tí ọkọ mi dí kọjá, wọn kò rí nǹkan kan. Oko wa yè. Títí di òní yìí, ibẹ̀ la ti ń jẹ.

Ṣùgbọ́n n kì í fi ìdajì òtítọ́ pamọ́. Lọ́jọ́ kejì, mo lọ bá Bàbá nílé, mo sì rò ó fún wọn bó ṣe rí. Àgbọn ni wọ́n ń bó. Wọ́n gbé e sílẹ̀.

"Ìyá Ẹgbẹ́, ta ló ṣe òfin tí ẹ ń ṣọ́ yìí?"

Mo ní àwọn ni.

"Kí ló dé tí ẹ kò bi mí kí ẹ tó gbé ọkọ́? Bí ẹ bá ti wá bá mi, èmi ni ǹ bá fi ọwọ́ ara mi gbìn ín. Igi tí onílẹ̀ bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbìn, ta ló lè fi mú àlejò rẹ̀?" Nígbà tí wọ́n rí ojú mi, ohùn wọn rọ̀. Wọ́n ní kò tíì pẹ́ jù. Wọ́n ní kí a gbé e wá kí òjò tó dáwọ́ dúró, àwọn á gbìn ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbọn mẹ́ta yẹn, á di tiwọn, ọmọ wọn kankan kò sì ní gé e. Ọkọ mi lè máa jókòó sábẹ́ rẹ̀ títí ẹ̀mí wọn.

Àfi bíi pé mo fò délé. Mo rò ó fún ọkọ mi. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n da omi sínú garawa náà díẹ̀, wọ́n ní, "Bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Bàbá. Èèyàn rere ni wọ́n. Ṣùgbọ́n igi yìí ti ní bàbá." Ó parí. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń fọ abọ́ ara wọn.

Nígbà tí à ń di ẹ̀fọ́ lọ́jọ́ kan, mo sọ díẹ̀ nínú rẹ̀ fún Ìyá Dooshima. Ó ní, "Màmá, gbogbo wa ń jẹun nítorí yín. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ èmi ni, mo máa sọ fún Ṣẹ́gun pé ẹyẹ ló gbìn ín." Mo ní n kò lè purọ́. Ó ní òun mọ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fi mí ṣe Ìyá Ẹgbẹ́, ìdí náà sì nìyẹn tí kò sẹ́ni tó ń sọ àṣírí fún mi. Ó fi ṣe àwàdà ni, àmọ́ mo gbé e sùn.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn òtítọ́ bí èmi, ẹ gbọ́ ohun tí mo ra lọ́wọ̀n-ọ́n. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Ìlérí tí mo pa mọ́ kò burú, n kò sì ní í bẹ ẹnikẹ́ni nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n àánú wà nínú òfin yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀, èmi ni n kò lọ kan ilẹ̀kùn béèrè rẹ̀. Mo mọ òfin ju ẹni tó ṣe é lọ. Ta ló rán mi?

Ní àárọ̀ yìí, mo ń gbá ẹnu ilẹ̀kùn wa. Mo fẹ́ sún garawa náà kí n lè gbá abẹ́ rẹ̀, kò sún. Mo bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ọkọ mi ti lu ihò sí ìdí rẹ̀ kí omi má bàa dúró nínú rẹ̀. Gbòǹgbò orógbó ti gba ihò kan jáde, ó ti wọ inú yanrìn ìyá alágbo tó ni ilé. Ilẹ̀ onílẹ̀ nìyẹn náà. Ìyá onílé kò mọ̀. Bí mo bá fi agbára gbé e, gbòǹgbò á já. Bí mo bá sì fi í sílẹ̀, ó ti di igi nìyẹn. Mo gbójú sókè. Ọkọ mi dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ọwọ́ mi ni wọ́n ń wò.

Mo gbálẹ̀ yí garawa náà ká, mo sì fi í sílẹ̀ bó ṣe wà.

Wọ́n ní, "Ìyá Àyọ̀ká, o kú iṣẹ́."

N kò tíì dìde láti kí wọn, àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ kí mi. Mo wọlé, mo jókòó, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ èyí tí ẹ ń kà. Ìyá onílé wà níwájú ìta níbẹ̀ yẹn, ó ń se àgbo rẹ̀. Ìṣísẹ̀ díẹ̀ ló wà láàárín wa. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n lọ bi í. Bó bá ní rárá ńkọ́? Ṣé màá tún gbé ọkọ́ lójú ọkọ mi? Bí mo bá sì dákẹ́, irú ẹni wo ni mo wá dà? Ẹ̀yin tí ẹ ti rìn jù mí lọ, ẹ má jẹ́ kí èmi nìkan dá a rò. Ọ̀la ni mo tún máa gbá ibẹ̀.